Ìjà Tọkọtaya Lórí Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán: Òtítọ́ Ni Tàbí Eré?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Bí ìjà bá dé láàárín tọkọtaya nílẹ̀ Yorùbá, àgbà tí a fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ yóò gbọ́ ti ọkọ, yóò gbọ́ ti aya, yóò sì wádìí lẹ́nu àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn kí ó tó dá sí i. Inú yàrá ni a sì ti ń parí rẹ̀, nítorí pé ẹni méjì tí yóò tún jọ máa gbé pọ̀ kò gbọdọ̀ di ẹni àfọwọ́tọ́ka ládùúgbò. Ṣùgbọ́n láyé òde òní, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti sọ irú ìjà bẹ́ẹ̀ di ìran àpéwò. Ọkọ ń sunkún, aya ń ṣépè, àwọn òǹwòran sì jókòó sórí àga, wọ́n ń dájọ́. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ òtítọ́ ni ohun tí wọ́n ń wò?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1971, àwọn ayàwòrán kó ẹ̀rọ wọn wọ ilé Bill àti Pat Loud àti àwọn ọmọ wọn 5 ní ìlú Santa Barbara, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nǹkan bí oṣù 7 ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé ìdílé náà káàkiri. Àwòrán tí wọ́n yà tó nǹkan bí 300 wákàtí. Nígbà tí a gbé e jáde ní ọdún 1973 pẹ̀lú àkọlé An American Family, wákàtí 12 péré ni àwọn ènìyàn rí. Bí a bá ṣírò rẹ̀, wákàtí 1 ni a mú nínú wákàtí 25. Níwájú ẹ̀rọ náà ni Pat ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí ó kó jáde nílé. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé fún un. Ìbànújẹ́ rẹ̀ kì í ṣe eré. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti wò ó tán, ìdílé náà figbe ta pé bí a ti gé àwòrán wọn kò fi wọ́n hàn bí wọ́n ti rí.

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ẹnu àwọn tí ń jà nìkan ni irọ́ lè ti wá. Ó lè ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ wá. Ẹ̀rín tí ènìyàn rín lọ́jọ́ Ajé lè di èyí tí a lẹ̀ mọ́ ẹkún aya rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. A lè bi ènìyàn ní ìbéèrè kan náà nígbà mẹ́wàá títí inú yóò fi bí i, kí a yọ ìbéèrè náà kúrò, kí ó sì ku ìbínú nìkan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, ẹni tí ó tètè ń bínú ni olùṣètò ń wá, nítorí pé oníwà pẹ̀lẹ́ kì í fa òǹwòran. Aṣọ jẹ́ ti oníaṣọ, ṣùgbọ́n bí ẹ̀wù yóò ti rí, ọwọ́ télọ̀ ni ó wà.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹsẹ̀ ara wọn ni àwọn tọkọtaya wọ̀nyí fi rìn wá, wọ́n sì fọwọ́ síwèé. Wọn yóò ní ẹni tí ó rò pé òun nìkan ni ìyà ń jẹ lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ lè rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, kí ara sì tù ú. Òtítọ́ wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọwọ́ síwèé kò tíì rí ẹ̀wù tí a ó rán fún un.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èwu rẹ̀ hàn. Ní ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ITV bẹ̀rẹ̀ ètò Jeremy Kyle, níbi tí a ti ń fi ẹ̀rọ dán ọkọ tàbí aya wò bóyá ó ń purọ́. Ẹ̀rọ náà kì í rí irọ́. Ìlùkìkì ọkàn, mímí àti òógùn ni ó ń wọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni àyà aláìṣẹ̀ pàápàá lè já níwájú èrò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ọkùnrin ẹni ọdún 63 kan kú, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a sọ fún un níbẹ̀ pé ẹ̀rọ ti mú un nírọ́ lórí ẹ̀sùn àgbèrè. Ní oṣù náà gan-an ni ITV fòpin sí ètò ọ̀hún. Ní ọdún 2024, aṣèwádìí ikú ní ìjọba ibẹ̀ sọ pé ọkùnrin náà gbẹ̀mí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n pé kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ètò náà ni ó fà á. Ó yẹ kí a gba ìdájọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aṣòfin bi àwọn olùṣètò ní ọdún 2019 pé báwo ni ẹ̀rọ náà ti péye tó, wọn kò rí iye kan pàtó sọ. Ohun tí wọn kò lè jẹ́rìí sí ni wọ́n fi ń tú ilé onílé ká.

Ó yẹ kí òfin mú kí olùṣètò máa kọ ọ́ síwájú ètò rẹ̀ iye wákàtí tí ó yà àti iye tí ó fi hàn, kí a má sì gba ẹ̀rọ kankan láyè láti máa dá ẹjọ́ tọkọtaya. Ní ti òǹwòran, kí ó bá ẹlẹ́kún kẹ́dùn, ṣùgbọ́n kí ó pa ìdájọ́ mọ́ra.

Bill àti Pat Loud kọ ara wọn sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lance, ọmọ wọn, kú ní ọdún 2001, àwọn méjèèjì tún padà jọ ń gbé, gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ti fẹ́ kí ó tó kú, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá Bill ní ọdún 2018. Àwọn tí ó ti dá wọn lẹ́jọ́ ní ọdún 1973 kò mọ̀ pé ẹjọ́ náà kò tíì parí.