Àgbọ̀n Tí Ń Dún Kì í Ṣe Ẹ̀bi Eyín

Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń dùn a máa kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kan eyín. Bí ó ti jí ní òwúrọ̀ tí ó la ẹnu láti mu ògì, nǹkan a dún kọ́ ní iwájú etí rẹ̀, ìrora a sì ta dé ẹ̀bátí. Bí ó bá jẹ́ ará Ajégúnlẹ̀, tí iṣẹ́ ń dúró dè é ní èbúté Àpápá, tàbí tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ọjà Boundary, ohun tí ó yá jù ni yóò fẹ́: kí a yọ eyín náà, kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. A yọ ọ́, ìrora kò lọ. Nígbà náà ni a tún fura sí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àṣà yìí kò dára. Eyín àgbà tí a bá yọ kì í hù mọ́, àìsàn náà sì wà ní àyè rẹ̀.

Kì í ṣe pé eyín kì í dùn. Bí omi tútù bá ń ta á, tí ihò sì wà nínú rẹ̀, ẹ̀bi eyín ni. Ṣùgbọ́n ìrora tí ń bá lílà ẹnu rìn, ní oríkèé tí ó so àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mọ́ orí ni kí a wá a sí. Kí ẹnikẹ́ni fi ìka sí iwájú etí rẹ̀ kí ó sì la ẹnu, yóò mọ̀ ọ́n lára bí oríkèé náà ti ń rìn. Láàárín egungun rẹ̀ méjèèjì ni awẹ́ kékeré kan wà tí ó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Bí awẹ́ yìí bá yẹ̀ díẹ̀, tí àgbọ̀n sì tún gùn ún padà, ìró rẹ̀ ni a ń gbọ́. Dídún láìsí ìrora, tí ẹnu sì ń là dáadáa, kò béèrè oògùn rárá.

Ìrora ni ó yẹ kí a tọ́jú. Ìpahínkeke lójú oorun a máa fà á. Bẹ́ẹ̀ ni dídi eyín pọ̀ nígbà àníyàn tàbí nígbà tí a bá ń gbé ẹrù wúwo, àti fífi eyín ṣí ìdérí ìgò. Kí ẹni náà fi obì, ìrèké, gúgúrú àti egungun ẹran sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀kọ, àmàlà àti mọ́ínmọ́ín kò ní dà á láàmú. Kí ó fi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná, tí a sì fún, lé e fún bí ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Kí ètè rẹ̀ pàdé, ṣùgbọ́n kí eyín òkè má kan ti ìsàlẹ̀ àfi nígbà oúnjẹ. Ìmọ̀ràn yìí kéré lójú ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́, síbẹ̀ àwọn tí ń sàn nípa irú rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí a ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ.

Yíyán pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 2005, àwọn oníṣègùn ní Nàìjíríà tẹ ìròyìn jáde lórí ènìyàn 96 tí àgbọ̀n wọn yẹ̀ kúrò ní ipò. Yíyán àyàjù ni ìdí tí wọ́n rí jùlọ. Kí ẹni tí oorun bá kì mọ́lẹ̀ nínú ìwàásù fi ẹ̀ṣẹ́ ti àgbọ̀n rẹ̀ lábẹ́ kí ó tó yán (oníwàásù kò ní rí i bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú). Bí ẹnu bá ṣí tí kò lè padé mọ́, kí a má ṣe gbá a, kí a má sì ké sí ẹni tí yóò fi agbára fà á. Láti ìgbà Hippocrates ará Gíríìkì, ní ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ, ni a ti mọ bí a ti ń dá a padà. Oníṣègùn a fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ lápá ẹ̀yìn eyín, a sì tì í sẹ́yìn. Ó rọrùn bí a bá tètè dé; bí ó bá pẹ́ di ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó lè di iṣẹ́ abẹ. Àwọn oníṣègùn eyín àti àgbọ̀n wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, kò sì jìnnà sí Ajégúnlẹ̀.

Ohun kan kù tí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Bí ọkọ́ tàbí ìṣó bá ti ṣá ènìyàn lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, tí àgbọ̀n rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kí a má ṣe pè é ní ọ̀ràn oríkèé. Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni kí a fura sí, ó sì ń pa ènìyàn. Kí a má fi omi gbígbóná dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró nílé. Ní wákàtí náà gan-an ni kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un, kí ọgbẹ́ tó dé ni ó sì dára jù láti gbà á.