Ẹ Fi Máìkì Sílẹ̀ Fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Èmi náà jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó bá ẹlòmíràn wí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, rédíò ilé-ìwé gíga kan (n kò ní dárúkọ wọn) ní kí n bá àwọn kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa yan orin fúnra rẹ̀ lóru. Mo kọ ọ́. Orin tí wọ́n bá gbé sáfẹ́fẹ́ jù lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ètò náà ń tún yàn jù lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àbí? Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé orin bí ogún péré ló ń yí po, àwọn orin tí rédíò oníṣòwò láti Adó dé Àkúrẹ́ ti ń gbé látàárọ̀. Ọ̀gá wọn tiẹ̀ yìn mí.

Ohun tó dùn mí ni ti akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Ìṣẹ̀, tó gbé orin tirẹ̀ wá nínú fláàṣì. Èdè ìlú rẹ̀ ló fi kọ ọ́, "ulé" ló ń pe ilé, ìlù kọ̀ǹpútà ló sì fi gbè é. Wọ́n ní Yorùbá ẹ̀ kò dáa tó, àwọn olùgbọ́ á rò pé ó ṣìsọ. Ẹ gbà mí o! Lórí ilẹ̀ Èkìtì níbí! Ṣé Elémùré Ògúnyẹmí tó fi èdè Èkìtì kọrin náà ṣìsọ ni?

Ní 2002 ni yunifásítì wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé-àṣẹ rédíò, Yunifásítì Èkó sì wà lára àwọn tó síwájú. Lónìí, Ìbàdàn ní Diamond FM, Ifẹ̀ ní Great FM. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ṣe fún wọn láṣẹ, kì í ṣe kí wọ́n máa bá oníṣòwò du orin kan náà.

Ní 1972, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Washington ní Seattle dá rédíò kékeré kan sílẹ̀, KCMU. Ní 1988, ọmọkùnrin kan tí ayé kò tíì mọ̀ gbé àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fún wọn, wọ́n sì gbé e sáfẹ́fẹ́. Kurt Cobain ni. Nirvana lẹgbẹ́ náà.

Ẹnìkan á ní, ta ló ń gbọ́ rédíò nígbà tí Spotify wà? Ẹ̀yin èèyàn mi, kóòdù ni mo fi ń jẹun. Ohun tí ẹlòmíì ti tẹ̀ ni ètò orí fóònù yín sábà máa ń tẹ̀lé. Orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́, òdo ni lójú rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó jókòó sídìí máìkì ní aago mọ́kànlá alẹ́ ló lè sọ pé, "Ẹ gbọ́ eléyìí ná."

Mo mọ̀ pé owó ìtanràn NBC ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹ̀rù gidi ni. Kí olùkọ́ kan jókòó tì wọ́n nítorí òfin, ṣùgbọ́n kó má yan orin fún wọn. Wákàtí méjì lóru, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ṣé ó pọ̀ jù?

Mo ti tún ètò yẹn kọ lọ́fẹ̀ẹ́. Orin tí wọn kò gbé sáfẹ́fẹ́ rí ló ń kọ́kọ́ mú jáde báyìí. Mo fi ránṣẹ́ sí wọn, wọn kò tíì fèsì. Ọmọ Ìṣẹ̀ yẹn ti ṣe tán nílé-ìwé. Orí WhatsApp ló ń pín orin rẹ̀ sí.