Gígòkè Kọ́ Niṣẹ́, Bíbalẹ̀ Ni

Bí ọmọkùnrin kan bá fi páànù, ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà àti táyà bárò kan nǹkan pọ̀ ní Ìkirè lónìí, tó ní ọkọ̀ òfuurufú lòun ṣe, mo mọ ohun tí a máa ṣe. A ó pàtẹ́wọ́. Àwa ọmọ kámpọ́ọ̀sì á gbé fóònù sókè. Àwọn tó ń ta dòdò Ìkirè á gbé igbá dé. Àwọn ará Àpòmù á ní ọ̀dọ̀ àwọn ni ìyá rẹ̀ ti wá. Alága ìjọba ìbílẹ̀ á wá ya fọ́tò. Ẹnì kan ṣoṣo ni a ò ní í rí níbẹ̀: ẹni tó máa béèrè pé, “Ọmọ dáadáa, báwo lo ṣe máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀?”

Ẹ má pè mí ní ọ̀tá ìlọsíwájú o. Lọ́dún 2007, Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Bayero University, Kano, fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic àti àlòkù irin ṣe hẹlikọ́pítà. Ó gbéra nílẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ bàtà 7. Mo kí i, ọpọlọ ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó já bọ́ láti ẹsẹ̀ bàtà 7 lè dìde gbọnra nù. Láti 300 ńkọ́?

Ohun tó ń gbé ọkọ̀ òfuurufú dúró lókè ni afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá lára apá rẹ̀. Bí eré bá dín jù, tí awakọ̀ sì ń fa imú ọkọ̀ sókè, afẹ́fẹ́ á jáwọ́. Bó bá jẹ́ ibi tó ti ń yí wá kọjú sí pápá ló ti ṣẹlẹ̀, apá kan á kọ́kọ́ já, ọkọ̀ á sì dojú kọlẹ̀. Lókè réré, èèyàn lè tún un ṣe. Nítòsí ilẹ̀, kò sáyè.

Bó tilẹ̀ fẹsẹ̀ kanlẹ̀, kò tíì bọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré báyìí ló ní táyà kékeré nídìí, tí ìwúwo rẹ̀ wà lẹ́yìn táyà ńlá méjèèjì. Bí atẹ́gùn bá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí awakọ̀ ò tètè fẹsẹ̀ tọ́ ọ, ìdí á fẹ́ ya imú sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí tírélà tí ìdí rẹ̀ yọ kọjá orí lọ́nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ kò mọ iye eré tí apá rẹ̀ á fi jáwọ́, àfi tí wọ́n bá gbé e lọ sókè dán an wò. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi ní kí wọ́n kọ “EXPERIMENTAL” gàdàgbà sára rẹ̀, tí wọ́n sì sábà máa ń fi wákàtí 25 tàbí 40 dán an wò níbi tí èèyàn ò pọ̀, láìgbé èrò.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹwàá, 1997, John Denver, olórin, kú ní Monterey nínú Long-EZ tí ẹlòmíì fọwọ́ ṣe. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bíbalẹ̀ dánra wò ni. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà gbé irin tí wọ́n fi ń yí epo sẹ́yìn èjìká awakọ̀. Àwọn olùwádìí ní ibi tó ti ń nawọ́ sí i ni ọkọ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Irin kan péré!

Kì í sì í ṣe ẹni tó gùn ún nìkan ló kàn. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹjọ, 2023, Jabiru kékeré kan já sí títì Ọba Akran, n'Íkẹjà, ó gbiná. Kò sẹ́ni tó kú, àánú Ọlọ́run ni. Ṣé àánú náà la ó máa fi ṣètò?

Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe nílẹ̀ yìí, ẹ sọ fún un pé Air Beetle gbéra ní Kàdúná lọ́dún 1988. Ara RV-6A, ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ń rà tò fúnra wọn, ni wọ́n ti mú un jáde, ó sì di ọkọ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ ológun òfuurufú wa. Ẹnjiníà wà níbẹ̀, awakọ̀ tó mọṣẹ́ wà, pápá wà.

Ó yẹ kí Àpòmù ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ìtàn ní ìjà orí ataare lọ́jà Àpòmù, ní bí igba ọdún sẹ́yìn, ló di ogun tó tú Òwu. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́wọ́ sókè mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń parí?

Nítorí náà, alága tó bá fẹ́ ya fọ́tò, kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí NCAA. Fásitì tó bá fẹ́ fi ọmọ náà yangàn, kó wá ẹnjiníà àti olùkọ́ awakọ̀ fún un. Àwa náà, ẹ jẹ́ ká gbé fóònù sílẹ̀ títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi yẹ ọkọ̀ wò. Ẹni tí a bá pàtẹ́wọ́ fún pé kó máa lọ, a jẹ ẹ́ ní gbèsè àbọ̀.