Ọmọ Ọdún 7 Ni Wọ́n Ti Fẹ̀yìn Tì!



Ní Sábó, nílùú Ọ̀yọ́ níbí, mo rí ẹ̀rọ ata kan tí ìyá kan fi ọ̀rá bò mọ́lẹ̀. Mo ní, "Màmá, ṣé ó ti gbó ni?" Wọ́n ní, "Kò gbó o, ọmọ mi. Owó páàtì rẹ̀ ni ò sí."

Àwọn bàálù ogun wa kan ló sọ sí mi lọ́kàn. Jaguar lorúkọ wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló jọ ṣe é. Méjìdínlógún (18) nìjọba Nàìjíríà rà. 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé, Mákúrdì ni wọ́n kó wọn sí. Bàálù tó jẹ́ pé bó bá sáré dé góńgó, á ti kọjá lórí yín kẹ́ ẹ tó gbọ́ ariwo rẹ̀!

Àmọ́ owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, SAP dé ní 1986, náírà wá rù hangogo. Bẹ́ẹ̀ òkè òkun ni páàtì Jaguar ti ń wá, owó òyìnbó ni wọ́n sì ń gbà. Nígbà tó di 1991, ìjọba ní apá àwọn ò ká a mọ́. Ni gbogbo wọn bá jókòó.

Ogun kọ́ ló jẹ wọ́n run, ọjọ́ ogbó kọ́ ló dé. Títí di 2007 làwọn Gẹ̀ẹ́sì fi fò tiwọn!

Ẹ wá wo Alpha Jet, táwa náà rà nígbà kan náà. Òmíràn nínú wọn jókòó títí, àwọn ọmọ ogun òfuurufú wa tó mọṣẹ́ ẹ̀rọ ló tún wọn ṣe tí wọ́n fi tún fò. Ní 2021 pàápàá, Alpha Jet ṣì ń lọ bá àwọn agbébọn jà lápá Zamfara.

Ohun tí mo rí sí i nìyí: ẹni tó bá fẹ́ ra ẹṣin, kó ka owó koríko mọ́ owó ẹṣin. Ìgbà mìíràn tí ìjọba bá ní àwọn ra bàálù tuntun, ẹ má wulẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni yóò máa tún un ṣe? Níbo ni páàtì wà? Owó gbogbo wa ni.

Kí lẹ̀yin rí sí i? Ẹ kọ̀wé sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.