Òwú Wa, Aṣọ Iṣẹ́ Wa

Ní Parakou, a kì í wá òwú tì. Nígbà ìkórè, ọkọ̀ akẹ́rù a máa kó o kọjá lójú títì wa láti Banikoara. Síbẹ̀, aṣọ iṣẹ́ tí a ń rà fún àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ajórin, polyester ni, ohun tí a fi epo rọ̀bì ṣe. Wọ́n ní kì í rún, ó sì tètè gbẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí a bá fọ̀ ọ́, fọ́nrán wínníwínní tí kì í jẹrà ń bọ́ sínú omi. Bí iná bá sì ta sí i, ńṣe ni ó ń yọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lára.

Àwọn kan yóò wí pé òwú pàápàá kò mọ́. A kò jiyàn: ní 1999, endosulfan tí a ń fọ́n sí òwú pa ènìyàn ní ìhà Borgou. Àmọ́ láti 1996 ni OBEPAB ti ń kọ́ àgbẹ̀ láti gbin òwú láìlo irú oògùn bẹ́ẹ̀. Kí wá ni àwa tí a ń fọwọ́ sí ìwé ìrajà lọ́dọọdún ń dúró dè? Kí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ bèèrè fún aṣọ òwú, kí a sì bi oníṣòwò ní oko tí òwú náà ti wá.