Àgbáyun Àdìgbẹ Kì í Ṣe Àgbáyun Gbígbẹ Lásán

Bí atúmọ̀ èdè bá pàdé èso tí a ti yọ omi kúrò lára rẹ̀, ‘èso gbígbẹ’ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù fún ata tí a sá sí oòrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà mú èso gbẹ, tí orúkọ yìí kò tó fún. Àgbáyun ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé èso tiwa ni.

Ẹni tí ó bá lá èso pupa kékeré yìí, tí ó sì mu ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e, adùn ni yóò bá lẹ́nu. Ní ọdún 1968 ni Kurihara àti Beidler ya èròjà tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà sọ́tọ̀. Purotéènì kan ni. Iná ni ọ̀tá rẹ̀: bí a bá se àgbáyun, agbára náà ti lọ. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ ní tútù, ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni yóò fi bàjẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a kọ́kọ́ mú kí èso náà dì gbagidi, kí a wá gbé e sínú ẹ̀rọ tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí ìfúnpá inú ẹ̀rọ bá ti wálẹ̀ kọjá páskà 611, yìnyín kò lè yọ́ di omi mọ́. Bí a bá fún un ní ooru díẹ̀, ṣe ni yóò di afẹ́fẹ́ tààrà, tí yóò sì jáde lára èso. Nítorí pé kò yọ́, èso kì í súnkì. Ihò wẹ́wẹ́ ni yìnyín fi sílẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni omi yóò gbà padà wọlé nígbà tí a bá rẹ ẹ́.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe sitiróbẹ́rì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nínú kílò 10 èso náà, omi kó nǹkan bí 9. Èyí tí ó kù fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí, púpọ̀ nínú fítámì C rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Wọ́n ń dà á sínú oúnjẹ òwúrọ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ ṣokoléètì. (Ṣúgà inú rẹ̀ náà kò lọ síbì kan; kí ẹni tí ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà rántí.) Àléébù rẹ̀ ni pé bí ọ̀rinrin bá kàn án, kíá ni yóò rọ̀. Ní ti àgbáyun, wọ́n ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun. Ní ọdún 2021 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi àṣẹ sí títà rẹ̀ fún àgbàlagbà, yàtọ̀ sí aboyún àti ìyá ọlọ́mọ-ọmú. Àwọn olùwádìí sì ń yẹ̀ ẹ́ wò fún àwọn tí oògùn jẹjẹrẹ ti ba ìtọ́wò ẹnu wọn jẹ́. Bí a bá kọ ‘àgbáyun gbígbẹ’ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, kí ni yóò dí olùtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé èso náà sórí iná kí ó lè tètè gbẹ?

Ẹni tí ó bá ní kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò kò ran ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. ‘Gbígbẹ nínú yìnyín’ kò tọ̀nà, nítorí pé inú èso ni yìnyín wà, èso kò sí nínú yìnyín. Àwọn alásè wa ti la ọ̀nà sílẹ̀: ohun tí a yan títí ó fi gbẹ ni àyangbẹ. Èyí tí ó dì kí ó tó gbẹ, àdìgbẹ ni mo dábàá. Iṣẹ́ náà, dídìgbẹ. Wọn yóò ní ‘dì’ ti ẹrù lè da ọ̀rọ̀ rú. Ṣùgbọ́n ìyẹn a máa gba àbọ̀, ohùn rẹ̀ a sì di ohùn àárín níwájú àbọ̀: a di ẹrù. ‘Dì’ ti omi kì í gba àbọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí yóò wúlò kọjá èso. Àjẹsára tí a fi lé ṣànpọ̀nná kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1967 sí 1970, àdìgbẹ ni; ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ooru ilẹ̀ wa kò fi tètè bà á jẹ́.