Kí ló ń jẹ dátà yín? Bí ẹ ṣe lè kápá àtúnṣe kọ̀ǹpútà ilé yín

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lónìí jẹ mọ́ owó, ó sì tún jẹ mọ́ ààbò ilé yín. Ọ̀pọ̀ ilé ni kọ̀ǹpútà ti wà báyìí. Àwọn ọmọ ń fi ṣe iṣẹ́ iléèwé, bàbá ń fi ka lẹ́tà owó ìfẹ̀yìntì, ìyá sì ń fi rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Àmọ́ ẹjọ́ kan náà lọ̀pọ̀ èèyàn ń rò: wọ́n ra dátà láàárọ̀, kó tó dalẹ́ ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò wo fíìmù, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orin. Kí ẹ tó pariwo olè, ẹ kọ́kọ́ wo inú kọ̀ǹpútà yín ná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló ń jẹ ẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yín

Windows ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí à ń lò nílé. Microsoft, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, máa ń rí ibi tó bá ti ń jò lára iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á dí i, wọ́n á sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àwọn ọmọ yín ń pè ní update nìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyẹn Túsìdeè kejì nínú oṣù, ni wọ́n máa ń kó ti oṣooṣù jáde, ní nǹkan bí aago mẹ́fà sí méje ìrọ̀lẹ́ ní Nàìjíríà. Kọ̀ǹpútà kì í dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ yín. Bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àtúnṣe oṣooṣù lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì. Èyí tó ń sọ Windows di ẹ̀dà tuntun lè gba gígábáìtì mélòó kan. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń gbé mẹ́gábíìtì 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gígábáìtì 1 péré á gbà á ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 13. Bó bá jẹ́ ìdajì ìyẹn ló ń gbé, ẹ ó lò tó wákàtí 4 àti ààbọ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọmọ tó fẹ́ wo èsì ìdánwò rẹ̀ á kàn máa wojú kọ̀ǹpútà ni, ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ á sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ ní gígé-gígé.

Ẹ má torí dátà ṣílẹ̀kùn fún olè

Ohun tí àwọn mìíràn ń ṣe ni pé wọ́n á ní kí ọmọ àdúgbò kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà bá àwọn pa gbogbo àtúnṣe náà pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í torí pé oògùn wọ́n kó má lò ó mọ́. Ńṣe ló máa wá bí yóò ṣe máa rí i rà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2017. Lóṣù kẹta ọdún náà, Microsoft fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ láti dí ihò kan nínú Windows. Ọ̀pọ̀ èèyàn àti ilé iṣẹ́ ni kò gbà á wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, àwọn ọ̀daràn tú kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry sílẹ̀. Inú ihò yẹn gan-an ló ń gbà wọlé. Ó ti gbogbo fáìlì èèyàn pa, ó sì ní kí wọ́n san dọ́là 300 kí wọ́n tó lè rí i ṣí. Ó dé bí orílẹ̀-èdè 150. Ní ilẹ̀ England, ó wọ ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì fagi lé ọjọ́ tí àwọn aláìsàn fẹ́ rí dókítà ní ìgbà tó ju 6,900 lọ, títí kan ti àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Àtúnṣe ni à ń fi dí ẹnu ògiri náà.

Nítorí náà, ẹ má pa á. Ẹ yan àkókò fún un ni.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Èkíní, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé owó lẹ fi ń ra dátà. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Network & Internet, ẹ tẹ Wi-Fi, kí ẹ wá tẹ orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń lò. Ẹ ó rí Metered connection níbẹ̀. Ẹ tàn án. Láti ìgbà yẹn, àtúnṣe ńláńlá kò ní máa dédé wọlé mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan tó ṣe kókó ṣì lè wọlé. Tí ẹ bá ń lo fóònù méjì tàbí ẹ̀rọ Wi-Fi méjì, ẹ ṣe é fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Èkejì, ẹ wá Delivery Optimization nínú Settings yẹn kan náà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó lè mú kí kọ̀ǹpútà yín máa fi àtúnṣe tó ti gbà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, lórí dátà tiyín. Ẹ pa á.

Ẹ̀kẹta, bí ọmọ bá ń ṣe ìdánwò tàbí tí owó ò sí lọ́wọ́, ẹ wọ Windows Update, kí ẹ tẹ Pause. Ẹ lè dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sára kàlẹ́ńdà ara ògiri, kí ẹ má bàa gbàgbé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yan òru kan lóṣù. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan máa ń ta dátà òru tí owó rẹ̀ kéré sí ti ọ̀sán. Bí ẹ bá ní ọmọ tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ yá, ẹ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká yín lọ síbẹ̀. Ẹ tẹ Resume updates bó bá jẹ́ pé ẹ ti dá a dúró, kí ẹ tẹ Check for updates, kí ẹ sì jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìkarùn-ún, ẹ ronú nípa iná. Bí iná bá lọ nígbà tí àtúnṣe ń wọlé, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti tan mọ́. Ẹ rí i pé bátìrì kún dáadáa. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ ọ́ pé kí ẹ má pa òun, ẹ má pa á, bó tilẹ̀ pẹ́.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má gbàgbé fóònù. Ní fóònù Android, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè, kí ẹ wọ Settings. Lábẹ́ Network preferences, ẹ yan pé orí Wi-Fi nìkan ni kí àwọn ètò inú fóònù ti máa gba àtúnṣe.

Àwọn tó ń lo Windows 10, ẹ fetí sílẹ̀. Ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró. Ẹ ní kí ọmọ tàbí atúnkọ̀ǹpútàṣe tí ẹ fọkàn tán yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tiyín lè gba Windows 11. Títí dìgbà náà, ẹ má fi í ṣe nǹkan báńkì.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú

Bí ẹ bá ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí nǹkan kan dédé yọ pé kọ̀ǹpútà yín ti ní kòkòrò, pé kí ẹ pe nọ́ńbà kan, irọ́ ni. Ìkìlọ̀ Microsoft kì í ní nọ́ńbà tẹlifóònù nínú. Bí ẹnì kan bá sì pè yín pé láti Microsoft ni òun ti ń pè, tí ẹ ò sì kọ́kọ́ pè wọ́n, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Inú Settings nìkan ni kí ẹ ti máa gba àtúnṣe Windows. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì yín, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ tutù tó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lè fi iṣẹ́ yìí lé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lọ́wọ́, kó máa bójú tó o lóṣooṣù, àmọ́ kí ẹ jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ lè mọ bó ṣe ń ṣe é. Bó bá padà síléèwé, kò ní di pé ẹ̀ ń wá ẹni tí ẹ máa bẹ̀ kiri. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ máa tọ́jú ara yín.